Àbẹ̀bí Lórí Ìwé Ìdìbò

Tí ẹ bá fẹ́ mọ Olúníyì Adélékan, ẹ lọ dúró sẹ́nu géètì ilé ẹrù kan ní Coolock, ní Dublin, láàárọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, tó gbé fúláàsì tíì dání, tó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè tó ń tàn yòò kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun nìyẹn. Forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ló ń wà níbẹ̀. Ọdún kẹrìndínlógún rèé, kò fi gbá nǹkankan rí, àfi ògiri kan lọ́dún 2011, ó sì ní ògiri yẹn ló wá bá òun.

Niyi làwọn Òyìnbó ibi iṣẹ́ ń pè é. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi í pé, "Niyi, báwo ni nǹkan?" Èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Grand," bí wọ́n ṣe ń sọ pé dáadáa ni lọ́hùn-ún. Orúnkún ń dùn ún, grand. Ìyàwó ẹ̀ kú, ó padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, grand. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ò pè é láti ọdún mẹ́ta, grand. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń dé gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fi ọmọrí dé ìkòkò. Kò sì sẹ́ni tó ṣí i wò pé kí ló ń hó nínú ẹ̀.

Ọdún 2001 ló dé Dublin, òun, Morọ́láyọ̀ ìyàwó ẹ̀, àti Ṣeunfúnmi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn. Wọ́n tọrọ ibi ìsádi, ìjọba kó wọn sí yàrá kan nínú hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ létí òkun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀dì méjì, fèrèsé kan. Ẹlòmíì ló ń sè fún wọn, ẹlòmíì ló ń sọ ìgbà tí wọ́n á jẹun. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn. Tí ọmọ bá ń sunkún nítorí òtútù, Olúníyì á gbé e lé itan, á máa pè é ní oríkì ẹ̀: Àbẹ̀bí. Ọjọ́ méjì gbáko ni Morọ́láyọ̀ fi rọbí ọmọ náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó wá sáyé. Tí ọmọ bá ti gbọ́ "Àbẹ̀bí," ẹkún dópin.

Ìwé ìgbélùú padà jáde, wọ́n fún wọn ní fúláàtì ní Ballymun, àjà kẹta. Ọmọ dàgbà, ó di ọmọ Dublin pátápátá. Bàbá á sọ Yorùbá sí i, ọmọ á fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Northside, apá àríwá ìlú, dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, ó sì dùn.

Àìsàn ló mú Morọ́láyọ̀ lọ. Olúníyì gbé òkú ẹ̀ wálé, ó sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Nígbà tó padà dé Dublin, Ṣeunfúnmi dúró nínú kíṣìnnì, ó ní, "Níbo lèmi á máa lọ kí i? Ẹ gbé ìyá mi síbi tí mi ò lè wọ bọ́ọ̀sì dé!" Inú ọ̀fọ̀ ni bàbá wà, ẹnu ẹ̀ yára ju ọpọlọ ẹ̀ lọ. Ó ní, "Ṣé ìwọ ọmọ àná lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sin ìyàwó mi?" Ọmọ mú kóòtù ẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò bá a jà, kò pariwo. Ó lọ ni.

Ohun tó wà nílẹ̀ gan-an ni pé Morọ́láyọ̀ fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti di ọwọ́ ẹ̀ mú, tó ní, "Má fi mí sínú ilẹ̀ tútù yìí o." Gbólóhùn kan péré. Tó bá sọ ọ́ fún ọmọ lọ́jọ́ náà, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ó wò ó pé bàbá kì í ṣàlàyé fún ọmọ. Nígbà tó fi máa rí i pé bàbá lè ṣàlàyé, ó ti di oṣù mẹ́fà, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Rafiat ló wá sọ fún un pé Ṣeunfúnmi fẹ́ du ipò káńsílọ̀. Rafiat yìí, àjà kejì ló ń gbé, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níṣẹ́, ẹnu ẹ̀ kì í sì í sinmi. Ṣeunfúnmi ti mú un ṣe igbákejì nínú ìpolongo, torí kò sí ilẹ̀kùn tí Rafiat ò lè kàn ní Ballymun.

"Bàbá Ṣeun, ọmọ yín ń díje, ẹ̀yin ń wo tẹlifíṣọ̀n."

"Ó rán ẹ sí mi ni?"

"Kò rán mi."

"Ehn, jẹ́ kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n mi."

"Orí kunkun yín, ẹ̀yin méjèèjì, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é jáde! Ẹ gbọ́, bí wọ́n ṣe ń dìbò nìyí. Ẹ kọ 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀. Tó bá wù yín, kẹ́ ẹ kọ 2 àti 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíì. Tí ẹni tẹ́ ẹ fún ní 1 bá já, ìwé yín á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fún ní 2. Ó parí. Ẹ má tẹ̀ka, ẹ má ya nǹkankan, ẹ má kọ̀wé síbẹ̀. Kì í ṣe ìwé àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì o!"

"Rafiat, nígbà tí mo ti ń dìbò nílùú yìí, ìwọ ṣì ń jẹ gààrí n'Íjẹ̀bú."

"Mo gbọ́. Nọ́ńbà nìkan, sà!"

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá polongo ní ilé wọn, lẹ́tà ti wà lára ògiri nísàlẹ̀, ó rí i. Ó tètè kúrò níbi iṣẹ́. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó tún àga ṣe, ó ra bísíkíìtì ṣokoléètì tí ọmọ máa ń jí jẹ nínú press, kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ, nígbà tó wà ní kékeré, ó tò ó sínú àwo. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé.

Ó rí wọn. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n ń bọ̀ láti ilé tó kàn. Ṣeunfúnmi wọ kóòtù òjò àwọ̀ ewé. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé tiwọn, àwọn mẹ́ta wọlé. Òun dúró síbi tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́, ó fa fọ́ọ̀nù yọ, ó ń wò ó. Fọ́ọ̀nù tí kò tàn! Bàbá rí i láti òkè pé kò tàn.

Kò pẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Rafiat ni, pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́. "Ẹ káàsán o, a wá tọrọ ìbò yín."

"Ìwọ nìkan?"

Rafiat wo ilẹ̀. "Ó ń... ó ń gba ìpè kan nísàlẹ̀ ni."

"Grand," ni bàbá wí.

Ó ka ìwé náà lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni "Dear Neighbour." Ohun kan náà ló wà nínú ti gbogbo ilé, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó ń ka ìlà àkọ́kọ́ yẹn lákàtúnkà. Aládùúgbò. Òun tó gbé e sẹ́yìn lọ sílé ìwé nínú yìnyín lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì ò ṣiṣẹ́. Bísíkíìtì yẹn, ọjọ́ mẹ́rin ló fi jẹ ẹ́ tán. Òun nìkan.

Ọjọ́ ìdìbò dé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń dì í, ó yà síbẹ̀ bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Wọ́n fún un níwèé gígùn kan tó ní fọ́tò gbogbo àwọn tó ń díje. Ó wọ inú igun tí wọ́n fi pákó yí ká, ó mú pẹ́ńsù tí wọ́n fi okùn so mọ́lẹ̀ bí ẹran iléyá. Orúkọ wọn wà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ABD, nítorí náà Adélékan ló wà lókè pátápátá. Fọ́tò náà kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta, kò tíì sún mọ́ ojú ọmọ yẹn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Morọ́láyọ̀ ni. Bí Morọ́láyọ̀ ṣe máa ń di ẹnu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, bẹ́ẹ̀ ló di ẹnu nínú fọ́tò.

Ó kọ 1. Ó yẹ kó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ kàn ń lọ ni, pẹ̀lú àmì lórí, àmì lábẹ́, bí tíṣà ṣe kọ́ ọ ní kékeré: *Àbẹ̀bí mi.* Ó ká ìwé náà, ó tì í sínú àpótí ìbò, ó jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ara ẹ̀ fúyẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán lórí fọ́ọ̀nù.

Ìbò kíkà lọ́hùn-ún kì í ṣe kékeré. Ìjókòó mẹ́fà ni wọ́n ń dù, bí ẹnìkan bá já, wọ́n á tún pín ìwé ẹ̀ fáwọn tó kù, wọ́n á tún kà. Ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ Mọ́ńdè, ìjókòó kan ló kù. Adéyọmí tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣojú Ṣeunfúnmi gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ni Rafiat bá gba káàdì tó fi ń wọlé, ó fi kọ́ Olúníyì lọ́rùn. "Ẹ dúró lẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí Ṣeun rí yín, ẹ má bà mí nínú jẹ́." Wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì.

Nínú bọ́ọ̀sì ni Rafiat ti ń fi àwọn ìwé ìbò tí wọ́n jù nù ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹnìkan ya ẹlẹ́dẹ̀ síwájú orúkọ gbogbo wọn! Ẹnìkan kọ lẹ́tà odidi nípa pàǹtí tí wọn ò wá kó!"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ẹ̀. "Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan ńkọ́?"

"Ó kù sọ́wọ́ ohun tó kọ. Tó bá ti lè jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó kọ ọ́, ó ti lọ nìyẹn. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkankan."

Ó kọjú sí fèrèsé bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi dé.

Gbọ̀ngàn náà tóbi bí ilé ẹrù tó ti ń ṣiṣẹ́, àfi pé ìwé ni wọ́n ń kó níbí dípò páálí. Àwọn tó ń ka ìbò jókòó sínú, wọ́n fi irin yí wọn ká, àwọn olóṣèlú rọ̀ mọ́ irin náà, ọrùn wọn gùn bí ti ògòǹgò. Ọmọ ẹ̀ wà ní òdìkejì, ó wọ kóòtù dúdú. Ó ti rù. Bàbá fara pamọ́ sẹ́yìn Òyìnbó gbàǹgbà kan.

Ṣeunfúnmi àti Declan Furey ló kù. Furey yìí ti wà lórí ìjókòó láti ogún ọdún, ó mọ orúkọ ajá gbogbo ilé ní àdúgbò. Wọ́n kà, wọ́n pín, wọ́n kà. Ọ̀gá ètò ìdìbò, obìnrin kan tó so gíláàsì kọ́ ọrùn, bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ka iye. Ṣeunfúnmi fi ìbò kan ju Furey lọ.

Kan ṣoṣo! Rafiat fò sókè, bàtà ẹ̀ kan ṣí lọ. Kó tó wá bàtà rí, Furey ti gbọ́wọ́ sókè pé àfi kí wọ́n tún un kà.

Wọ́n tún un kà. Wọ́n ń yẹ ìwé wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olúníyì dé fúláàsì tíì ẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ àwọn tó ń kà, ó ń wo ìdì ìwé kan tẹ̀lé òmíì, ó ń gbàdúrà kí wọ́n yára. Lójijì, ọmọbìnrin kan nínú àwọn tó ń kà dúró. Ó gbé ìwé kan sún mọ́ ojú. Ó nawọ́ sókè.

Bàbá mọ̀.

Wọ́n pe àwọn méjèèjì àtàwọn aṣojú wọn sídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Bàbá rìn sún mọ́ ọn láìmọ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré ló kù.

"Kí lèyí?" Aṣojú Furey ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Irish ni," ẹnìkan dáhùn. "Ẹ ò rí fada lórí ẹ̀?" Fada ni wọ́n ń pe àmì tó máa ń wà lórí lẹ́tà nínú èdè tiwọn.

"Fada wo? Ẹ̀yìn ló kọjú sí! Kò sí fada tó ń rìn sẹ́yìn."

"Ìdọ̀tí wo ló tún wà lábẹ́ ẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé bó ṣe rí: tí ìwé yìí bá dúró, Ṣeunfúnmi ti wọlé. Tí wọ́n bá jù ú nù, ìbò àwọn méjèèjì dọ́gba, òfin sì ní ẹni tó ní 1 tó pọ̀ jù látìbẹ̀rẹ̀ ló ni ín. Furey ni. "Kò sí òfin tó ní kéèyàn má kọ nǹkankan. Ohun tó ní ni pé ohun tó bá kọ ò gbọdọ̀ fi í hàn. Miss Adélékan, ṣé èdè yín ni? Kí ló túmọ̀ sí?"

Ṣeunfúnmi wo ìwé.

Rafiat ò lè mú un mọ́ra. Ó fi Yorùbá ta á kíá: "Ṣeun, sọ pé 'ẹ kú iṣẹ́' ni! Sọ pé 'Ọlọ́run á ṣe é'! Nínú gbogbo àwọn tó wà níbí, ta ló gbọ́? Àbí irọ́ ni, Bàbá Ṣeun?"

Ẹnu Rafiat ti já a sílẹ̀. Ṣeunfúnmi yí ọrùn padà, ó rí bàbá ẹ̀ níbi irin, pẹ̀lú káàdì Adéyọmí lọ́rùn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn, fúláàsì lọ́wọ́.

Ọkùnrin yìí ló fi ọmọ yìí sórí ìkúnlẹ̀ nígbà kan nítorí bísíkíìtì kan tó ní òun ò jẹ. Irọ́ ni kò fẹ́ gbọ́ láyé ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó mi orí sí i, ẹ̀ẹ̀mejì. Sọ bẹ́ẹ̀. Sọ ohunkóhun. Jọ̀ọ́.

Ṣeunfúnmi tún wo ìwé náà. Ó di ẹnu bí ìyá ẹ̀.

"Orúkọ mi ni," ló fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. "Orúkọ inú ilé. Ẹni méjì péré ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ti kú."

"Nígbà náà, ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́?"

"I do. That's me da's writing."

Furey pàápàá ò mọ ibi tó máa wò. Ọ̀gá bọ́ gíláàsì, ó ní, "Ó dùn mí gan-an," ó sì fi ìwé náà sápá kejì.

Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìgbà yẹn kì í ṣe tiwọn. Wọ́n gbé Furey sókè, orí ẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan iná. Àwọn èèyàn Ṣeunfúnmi rọ́ yí i ká, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún. Rafiat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Olúníyì bọ́ káàdì lọ́rùn, ó fi í lé e lẹ́sẹ̀, ó jáde.

Ó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì fún bí ogún ìṣẹ́jú nígbà tó gbọ́ ìró bàtà. Ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn méjèèjì kọjú sí títì.

"Mo bà á jẹ́ fún ẹ," ni bàbá wí.

"You did, yeah."

Mọ́tò ń kọjá. Bàbá gbọ́ ohùn ara ẹ̀ tó ń sọ ọ́: "Ìyá ẹ ló ní kí n gbé òun lọ sílé. Ní ọsibítù. Ó ní kí n má fi òun sínú ilẹ̀ tútù. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ."

Ọmọ nu ojú pẹ̀lú apá kóòtù. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń pè é, "Ṣeun! Ṣeun!", àwọn oníròyìn fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì bàbá náà yọ lọ́ọ̀ọ́kán. "Mo gbọ́dọ̀ lọ," ni ọmọ wí. Ó fọwọ́ kan apá ẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń yẹ gígé aṣọ wò, ó sì lọ. Bàbá wọ bọ́ọ̀sì. Àjà òkè bọ́ọ̀sì ló jókòó sí, níwájú, ibi tí ọmọ máa ń fẹ́ kí wọ́n jókòó sí.

Lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, "Niyi, báwo ni nǹkan?" Ó lanu, grand ò jáde. Ó ní, "Kò dáa tó bẹ́ẹ̀." Òyìnbó tó bi í fún un ní sìgá, bẹ́ẹ̀ bàbá kì í mu sìgá.

Òfin ní kí gbogbo olùdíje kó pósítà wọn kúrò lára òpó láàárín ọjọ́ méje, àbí kí wọ́n san owó ìtanràn. Àwọn èèyàn Ṣeunfúnmi ti fọ́n ká. Olúníyì yá àkàbà níbi iṣẹ́, ó mú ẹ̀mú tó fi ń gé okùn ike, ó sì ń lọ láti òpó dé òpó lẹ́yìn iṣẹ́, lọ́jọ́ Tuesday, lọ́jọ́ Wednesday. Òun nìkan ló ń gùn ún, òun nìkan ló ń bọ́ sílẹ̀. Ó kó ojú ọmọ ẹ̀ mọ́kànlélógún jọ sí pálọ̀, ó fi wọ́n ti ara ògiri. Ó ku ọ̀kan, lára òpó tó kọjú sí fèrèsé ẹ̀ gan-an.

Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà nígbà tí fọ́ọ̀nù ẹ̀ dún. Ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá èèyàn lóhùn ló fi Yorùbá kọ ọ́, láìsí àmì kankan: *Daddy, Rafiat so fun mi. E ma da gun ladder yen. Mo n bo ni Thursday.*

Kò sọ aago tó máa dé. Bàbá ò bi í. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ká àkàbà, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ra bísíkíìtì. Lẹ́yìn náà ló fa àga sídìí fèrèsé, ó jókòó, òun àti pósítà yẹn ń wo ara wọn lójú, Thursday ò sì tíì dé.